Gbèsè Tí A Jẹ Ajá Ilé

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé wa yìí a ti ka ọ̀rọ̀ lórí ìkọ́ni, lórí ìmọ́tótó, lórí ọ̀wọ̀ àti lórí ìlò àkókò. N kò rántí ẹnì kan tí ó jókòó kọ̀wé nípa ajá. Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Kí ni ajá jẹ́, tí ẹni tí yóò di olùkọ́ lọ́la yóò fi máa ba ìwé jẹ́ nítorí rẹ̀?" Èmi pàápàá ìbá ti wí bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé wa tí ó yí ọkàn mi padà, ojú sì ń tì mí nítorí rẹ̀ títí di òní. Mo ti pinnu láti sọ ọ́ níhìn-ín láìfi ohunkóhun pamọ́, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Èrò mi ni èyí: ẹni tí ó bá mú ajá wá sí ilé, pàápàá ajá ńlá, ti jẹ gbèsè. Ó jẹ ajá náà ní gbèsè, nítorí pé ajá kọ́ ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó mú òun wá. Ó sì jẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè tí ó tóbi ju ìyẹn lọ, nítorí pé àwọn ni yóò máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Gbèsè yìí kì í ṣe èyí tí a ń san tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ni a ń san án, ní omi, ní oúnjẹ, ní ìkọ́ni, àti ní owó abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá lè san án, kí ó má ṣe sin ajá.

Ajá kan ń bẹ ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ, tí kò sì fẹ́ kí ó di ìjà, a máa fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, a sì máa pè é ní ohùn rara ní àṣálẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà ní tirẹ̀. Ó ní òun sọ ajá náà ní Tanímọ̀la nítorí pé nígbà tí wọ́n gbé e wá fún òun nínú agbọ̀n, kò ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbé lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí yóò dà.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ilẹ̀ wa gan-an, pupa rúsúrúsú, onírun kúkúrú, irú èyí tí ń bá ọdẹ lọ sí igbó. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian, ajá òyìnbó kan tí ó wà ní ilé ọ̀gá kan ní òpópónà kejì sí tiwa. Àmúlùmálà ni Tanímọ̀la nígbà náà. Kí ó tó pé ọdún méjì, ó ti wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Bí ó bá sì dìde dúró, tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ojú fèrèsé, orí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ìyá mi. Etí rẹ̀ kan nà ṣánṣán bí ti bàbá rẹ̀, èkejì sì ṣubú síwájú, bí ẹni pé òun kò gbà láti di ará òyìnbó. Àwọn ènìyàn a máa fi etí yìí rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n bí ó bá gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rín a dá.

Síbẹ̀, ajá tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo àdúgbò yìí, ẹ̀rù àrá ń bà á. Bí òjò bá ṣú, tí àrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán, a máa sáré wọ abẹ́ ibùsùn Bàbá. Orí rẹ̀ nìkan ni abẹ́ ibùsùn náà ń gbà. Gbogbo ara rẹ̀ yòókù a wà ní gbangba, a sì máa gbọ̀n. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ Bàbá láàrin ìró ẹsẹ̀ ogún ènìyàn, a sì ti dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà kí àwa tó mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ a máa sin àbúrò mi obìnrin dé ibi ẹ̀rọ omi, a dúró tì í títí garawa yóò fi kún, a sì tún sìn ín padà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní èyí. Ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹran lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn. Ó jẹ́ ẹ̀dá kan tí ó ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ wa, tí kò sì ní ẹlòmíràn tí yóò gbójú lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe sí irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. A óò rà á nígbà tí ó wà ní kékeré, tí àwọn ọmọdé yóò máa gbé e pọ̀n kiri. Bí ó bá dàgbà tán, tí ó sì ń tari ìkòkò ṣubú, a óò so ó mọ́ ìdí igi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹ́kù, bí kò bá sì ṣẹ́kù, kò sí nìyẹn. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé bí a bá fẹ́ kí ajá mọ ìṣọ́ ṣe, kí a fi ebi pa á, kí a máa lù ú, kí a sì máa bu ata sí oúnjẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa ru.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó yẹ àgbà, mo wí pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣọ́ yàtọ̀ sí ìrorò. Ìṣọ́ ni pé kí ajá mọ ẹni tí í ṣe ti ilé, kí ó mọ àlejò, kí ó gbó nígbà tí ó yẹ, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí a bá wí pé kí ó dákẹ́. Ajá tí ebi ń pa, ẹran díẹ̀ ni olè yóò jù sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ajá tí gbogbo ènìyàn ń lù, gbogbo ènìyàn ni ọ̀tá rẹ̀. Kò ní mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tí a rán wá tọrọ iyọ̀. Ta ni nínú wa tí yóò de ọmọ ilé-ìwé mọ́ àga láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí yóò máa nà án láìsọ ohun tí ó ṣe, tí yóò sì retí pé kí ọmọ náà mọ ìwé?

Bí a bá wo orísun Tanímọ̀la ní ìhà méjèèjì, a óò rí i pé àtọmọdọ́mọ òṣìṣẹ́ ni. Ní ìhà ti ìyá rẹ̀, ajá ọdẹ ni wọ́n. Àwọn baba wa tí wọ́n ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, wọ́n mọ̀ pé nínú gbígbọ́ ohùn olówó rẹ̀ ni ẹ̀mí ajá wà. Ṣùgbọ́n báwo ni ajá yóò ti mọ ohùn náà bí ẹnikẹ́ni kò bá bá a sọ̀rọ̀ rí bí kò ṣe láti bú u? Ní ìhà ti bàbá rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni irú wọn ti wá. Ní 1899 ni ọ̀gbẹ́ni Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ajá darandaran jọ níbẹ̀, láti sọ wọ́n di ẹ̀yà kan ṣoṣo, kí wọ́n lè máa da agbo àgùntàn lẹ́yìn olùṣọ́ wọn. Ìrìn ni iṣẹ́ wọn, àti ìgbọràn, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ àwọn méjèèjì yìí ni à ń so mọ́ ìdí igi máńgòrò, tí a sì ń ṣe háà nígbà tí ó bá já okùn.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí a ti kọ́ nípa ìtọ́jú ajá ńlá, nítorí ẹni tí ó bá ń wí pé kí a ṣe ohun kan, ó yẹ kí ó sọ bí a ti ń ṣe é.

Èkínní ni oúnjẹ àti omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tanímọ̀la ń jẹun lóòjọ́: ẹ̀kọ tàbí ẹ̀bà tí a pò mọ́ orí ẹja tàbí ẹran wẹ́wẹ́, láìsí ata. A kì í fún un ní eegun adìẹ tí a ti sè, nítorí pé a máa fọ́ sí ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè gún ọ̀fun tàbí ìfun rẹ̀. Àlùbọ́sà kò dára fún ajá, bẹ́ẹ̀ ni ṣokoléètì. Májèlé ni àwọn méjèèjì jẹ́ nínú ara rẹ̀. Omi sì gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí tiwa. Nípa mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń lé ooru jáde. Ajá onírun púpọ̀ tí a so mọ́ ibi tí kò sí ibòòji ní ọ̀sán, tí omi rẹ̀ sì ti gbẹ, ìyà ńlá ni ó ń jẹ, ó sì lè kú.

Èkejì ni ìrìn àti ìmọ́tótó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáradára, kí oòrùn tó mú, a máa ń mú un rìn, àti ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú. A ń wẹ̀ ẹ́, a sì ń yẹ abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn.

Ẹ̀kẹta ni ìkọ́ni, ibi tí ó yẹ kí àwa gbọ́n jù. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ajá. Ọ̀rọ̀ kan náà, ní ohùn kan náà, láti ẹnu gbogbo ará ilé. Bí Bàbá bá wí pé "Jókòó," tí ìyá sì wí pé "Kúrò níbẹ̀," tí àwọn ọmọ sì ń fà á ní ìrù, kí ni ajá yóò gbọ́? Bí ó bá ṣe dáradára, kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe àìdára, kí a bá a wí lójú ẹsẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn wákàtí kan kò mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lù ú mọ́.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé kí a yan ẹnì kan sí i. Mo ti rí i pé ajá tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ebi ni yóò pa á sùn. Olúkúlùkù yóò rò pé ẹlòmíràn ti fún un ní oúnjẹ. Ní ilé wa, èmi ni a yàn.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ó ṣòro fún mi láti kọ.

Lọ́dọọdún ni Bàbá ń fún mi ní owó abẹ́rẹ́ àjẹsára Tanímọ̀la, kí n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran, kí àrùn dìgbòlugi má ba à mú un. Ní ọdún tí mo fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ó fún mi ní owó náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ̀wé sí mi pé kí n mú bàtà dúdú wá, èyí tí mo ní sì ti lanu níwájú. Mo kọjá ní ọjà, mo rí bàtà kan tí ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Mo wí nínú ara mi pé, "Ajá náà ṣáà gba abẹ́rẹ́ lésìí, oṣù kan kò lè ṣe nǹkan. Bí mo bá gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìwé ní ilé, n óò dá a padà." Mo ra bàtà. Oṣù kan di méjì. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé mo ti ṣe é, mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Irọ́ ni mo pa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo so Tanímọ̀la mọ́ ìdí igi, mo sì wọ inú ilé lọ kàwé. N kò rántí bu omi fún un. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn ọgbà; àwọn kan nínú wọn a sì máa sọ ọ́ ní òkúta lórí ògiri nígbà tí wọ́n bá rí i pé okùn wà ní ọrùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ré ògiri kọjá. Ọmọ tí ó kéré jù ni wọ́n rán wọlé láti mú un wá, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò sọ òkúta rí. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ajá náà kọjá. Tanímọ̀la fò, okùn já, ó sì bù ú jẹ ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Igbe ọmọ náà ni mo fi mọ̀. Kí n tó fa ajá náà kúrò, ọgbà wa ti kún. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti mú kùmọ̀ dání, wọ́n ń pariwo pé kí a pa á. Ẹnì kan gbé epo pupa wá, ẹlòmíràn lọ ata, wọ́n fẹ́ fi dí ojú egbò náà. Bàbá àgbà kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ dísípẹ́nsà rí ni Ọlọ́run fi gbà wá. Ó ní kí wọ́n gbé ata wọn kúrò. Ó ní kí n mú ọṣẹ àti omi wá, ó sì mú kí a máa fọ egbò náà lábẹ́ omi tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí àwọn oníkùmọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá pa ajá yìí lónìí, ta ni yóò sọ fún wa bóyá ó ti ya dìgbòlugi tàbí kò ya? Ẹ tì í mọ́lé, kí a máa wò ó."

Ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé, "Ṣé wọ́n ti fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ ní ọdún yìí? Ìwé rẹ̀ dà?" Bàbá yíjú sí mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi, bàtà náà ni mo wọ̀. Mo wí pé, "N kò ṣe é, sà."

Bàbá kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó ta ewúrẹ́ méjì láti san owó abẹ́rẹ́ ọmọ náà. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fún un ní ti èkínní, wọ́n fún un ní èkejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kẹta nígbà tí ó di ọjọ́ keje. Èmi ni mo ń gbé e lọ ní èjìká. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi ń wo ajá náà, n kò sùn dáadáa ní òru kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni n óò ti gbé omi lọ sí ẹnu yàrá tí a tì í mọ́. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dìde, àyà mi a já. Mo ń wò bóyá itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, bóyá ohùn rẹ̀ yí padà, bóyá kò lè gbé omi mì. Bí ó bá lá omi náà, n óò tó mí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, oníṣègùn ẹran wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le. Dókítà sì wí pé ọmọ náà kò ní láti gba abẹ́rẹ́ tí ó kù mọ́. Bí a bá ti pa ajá náà ni, ọmọ náà ìbá gbà wọ́n tán.

Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọmọ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. A dúpẹ́ pé kò burú jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá burú ńkọ́?" Títí di òní n kò mọ ìdáhùn tí mo lè fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "O rò pé owó ajá ni o ná. Owó ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí a mọ irú ohun tí dìgbòlugi jẹ́. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń bọ́ níbẹ̀. A ṣírò rẹ̀ pé bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dún kan ní gbogbo ayé, tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ń pa, bí mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ń mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ láti ara ajá. Síbẹ̀ ọ̀nà àbáyọ wà láti ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù July ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ní ìlú Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ, ọmọ náà sì yè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, láti ilẹ̀ Alsace, ilẹ̀ kan náà tí a fi sọ ajá Alsatian lórúkọ. Bí a bá fún ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní abẹ́rẹ́ ní ìlú kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni a lè fún un, kí a sì máa tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ẹran bá ti wí. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, nítòsí Jos, láti 1924. Ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n wa bí kò ṣe ẹni tí yóò mú ajá lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, "Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ìwọ ń sọ ti oúnjẹ ajá." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fi ṣeré. Ìdáhùn mi ni pé kò sí òfin tí ó ní kí olúkúlùkù ènìyàn sin ajá ńlá. Ilé tí oúnjẹ kò bá tó, kí ó fi ajá sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a mú un wá fún ìṣọ́, kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru, kí a sì wí ní òwúrọ̀ pé ẹran lásán ni.

Àwọn mìíràn yóò ní àṣà òyìnbó òde òní ni ìtọ́jú ajá. Ó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1914, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, nítòsí Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, kan ibojì àtijọ́ kan. Egungun ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ti ajá sì wà pẹ̀lú wọn. Ó ti tó ọdún 14,000 tí a ti sin wọ́n. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ eyín ajá náà wò rí i pé ọmọ ajá bí oṣù méje ni, pé àìsàn líle ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti pé kò jọ pé ìbá yè é tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ajá tí ń ṣàìsàn kò lè ṣọdẹ, kò sì lè ṣọ́lé. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn náà, tí wọn kò ní oko tàbí àká, fún un ní omi. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa náà kò nílò òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ pé ajá tí ó pa ẹran yẹ kí ó jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ilé wa níhìn-ín kí n tó dákẹ́. Ajá ńlá kan wà ní ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí gbogbo wa mọ̀. Àmúlùmálà ni òun náà. Òun ni ó ń gbó nígbà tí ẹsẹ̀ àjèjì bá dún ní òru, tí àwa sì ń sùn. Àwọn kan nínú wa ń jù ú ní òkúta bí a ti ń lọ jẹun. Èmi pẹ̀lú ti rí i, n kò sì sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí n bi gbogbo wa pé ta ni ń fún un ní oúnjẹ, tàbí nígbà wo ni ó gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, mo rò pé a óò máa wo ojú ara wa ni. Nítorí náà mo mú ìbéèrè mẹ́ta wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Èkínní, kí a yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní sáà kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ wọn yóò wà lára pátákó, láti máa bojú tó oúnjẹ àti omi ajá yìí. Èkejì, kí a dá owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ, kí a sì so ìwé rẹ̀ kọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Èmi ti ya owó tèmi sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ń lọ kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ajá sínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, tí ń sùn, tàbí tí ń fún ọmọ lọ́mú. Pé bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá sún mọ́ wọn, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n má sáré. Pé bí eyín ajá bá ha wọ́n lára, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sọ fún àgbà ní ọjọ́ náà. Lọ́dọọdún ni a ń fi ọjọ́ 28 oṣù September, tí í ṣe ọjọ́ tí Pasteur kú ní 1895, ṣe ìrántí ogun tí a ń bá dìgbòlugi jà ní gbogbo ayé. Ọjọ́ náà yóò dára fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Tanímọ̀la wà láàyè síbẹ̀, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ní ọdún yìí; mo rí ìwé náà pẹ̀lú ojú mi. Ajá ńlá kì í pẹ́ láyé tó ajá kékeré, nítorí náà n kò mọ iye ọdún tí ó kù fún un. Ọmọ tí ó bù jẹ ti wọ ilé-ìwé. Ó ń bá a ṣeré nísinsìnyí, bí àgbà bá wà nítòsí. Bàtà náà ṣì wà ní ẹsẹ̀ mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí n kò ní òmíràn.

Nígbà tí mo kọjá ní ẹnu ọ̀nà wa ní àná, ọpọ́n omi ajá ibẹ̀ ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.